Ọkọ mi kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, ó ní òun ti bímọ rí: kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù àléékúmù, ẹ̀yin àáfà wa. Ìséyìn ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ti pé ọdún 6 tí wọ́n ti so yìgì èmi àti ọkọ mi, oyún kò sì tíì dúró lára mi rí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi ń wà, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó wálé. Ó ti bí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, ọmọ náà ti pé ọdún 11 báyìí. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn kò rí àbùkù lára mi, kí ọkọ mi mú àtọ̀ rẹ̀ wá. Ó ní òun kò lọ, pé òun ti bímọ rí, àti pé haráàmù ni kí ọkùnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àtọ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ ní kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, pé Ànábì fúnra rẹ̀ ló ní kí á fẹ́ obìnrin tó ń bímọ. Àáfà kan ní àdúgbò wa ní ẹ̀dà àti ọkọ ọ̀run ló ń bá mi jà, kí n mú àgbò wá, kí n sì wá lóru kí òun fi hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ áyà Àlùkùránì tí wọ́n kọ sórí wàláà, wẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ní kí á wá owó ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pò ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ẹ̀sìn fọwọ́ sí nínú gbogbo èyí?

ÌDÁHÙN

Wàáléékúmù sàlámù wàráhmótuláhì wàbàrákátù. Arábìnrin wa, Ọlọ́hun yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn náà ti ta kókó. Tí ẹ bá rí àyè, ẹ jẹ́ kí òun náà ka ìdáhùn yìí.

Nínú Súrà Mariyama, Ọlọ́hun sọ fún wa bí Ànábì Sakaríyà ṣe tọrọ ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ kò bímọ rí. Ká ní ó wù ú ni, ibẹ̀ ni ìbá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kó síwájú Olúwa rẹ̀: “Olúwa mi, dájúdájú eegun ara mi ti lẹ, ewú sì ti gba gbogbo orí mi.” Ẹ̀yìn èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ìyàwó òun kì í bímọ. Nínú Súrà Àńbíyáà, Ọlọ́hun sọ bí Òun ṣe dá a lóhùn: Ó fún un ní Yahya, Ó sì tún ìyàwó rẹ̀ ṣe fún un. Ànábì Ọlọ́hun ló kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ yìí. Ọkùnrin Mùsùlùmí wo ló wá ku tí yóò jókòó sílé, tí yóò máa rán ìyàwó rẹ̀ nìkan lọ síwájú dókítà?

Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tún gbọ́ èyí. Sayyidina Umar, sàhábà Ànábì tó jẹ́ kálífà kejì, rán ọkùnrin kan níṣẹ́ lọ gba sàká. Ọkùnrin náà fẹ́ ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kì í bímọ ni. Umar bi í pé: “Ǹjẹ́ o sọ fún un pé o kì í bímọ?” Ó ní rárá. Umar ní: “Lọ sọ fún un, kí ó sì yàn bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò lọ.” Láti ìgbà àwọn sàhábà ni wọ́n ti mọ̀ pé ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹni tí kì í bímọ. Wọn kò dì í ru obìnrin. Àwa tí a wá lẹ́yìn wọn la sọ ọ́ di ẹrù obìnrin nìkan, débi pé nínú ilé mìíràn, ìyàwó mẹ́ta yóò ti kọjá lọ, ẹkún ni wọn yóò sun jáde níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rò ó wò pé kí bàálé náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Àbòsí ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣègùn rí náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú àgbàlagbà 6, ó súnmọ́ ẹnì kan tí ìṣòro à-wá-ọmọ yóò bá pàdé nígbà kan nínú ayé rẹ̀. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin, bóyá òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀ lápapọ̀. Ọkùnrin a sì lágbára lórí ibùsùn kí àtọ̀ rẹ̀ má ní irúgbìn tó tó nínú. Ọ̀tọ̀ ni agbára ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ọmọ bíbí.

Ó ní òun ti bímọ rí. Ọdún 11 sẹ́yìn nìyẹn. Láàárín ìgbà náà sí ìsinsìnyí, àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú dáadáa lè ti dí ọ̀nà àtọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ti wú nínú àpò kórópọ̀n, ohun tó wọ́pọ̀ gan-an lára ọkùnrin tí dókítà sì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún. Sìgá, ọtí, oògùn tí àwọn kan ń lò kí ara wọn lè le, ọjọ́ orí pàápàá, gbogbo wọn ló lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ tó ti bí jẹ́ ìkẹ́ Ọlọ́hun lórí rẹ̀, kí ó máa dúpẹ́. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé ara rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà nígbà náà.

Ní ti gbígba àtọ̀, òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, mo sì yìn ín pé ó ń bẹ̀rù haráàmù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀, pàápàá ní Màsíábù Máàlíkì, ọ̀nà ìlànà òfin ẹ̀sìn tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀lé jù, kà á sí èèwọ̀ kí ọkùnrin máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbádùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Kò sí awuyewuye láàárín àwọn onímọ̀ pé ìyàwó lè fi ọwọ́ tirẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ mú un jáde. Ẹ̀yin ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ sì ti ṣe tán. Tí èyí kò bá ṣeé ṣe rárá, àwọn onímọ̀ òde òní gbà á láàyè fún un láti ṣe é fúnra rẹ̀ nítorí ìwòsàn, ní ìwọ̀n ohun tí àyẹ̀wò náà bèèrè, kì í ṣe kí ó sọ ọ́ di àṣà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹ má baà lọ fi owó ṣòfò. Kí ẹ má ṣe súnmọ́ ara yín fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, kí ó má sì ju ọjọ́ 7 lọ. Ilé àyẹ̀wò ni yóò fún un ní ike kékeré tó ní ìdérí. Ẹ má lo ike oògùn tàbí ìgò tí ẹ fọ̀ nílé, ẹ má sì lo rọ́bà ìdáàbòbò, nítorí oògùn ara rẹ̀ ń pa irúgbìn inú àtọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ, itọ́ tàbí ìpara sí i. Gbogbo rẹ̀ ni kí ó bọ́ sínú ike náà, pàápàá èyí tó kọ́kọ́ jáde, torí inú rẹ̀ ni irúgbìn pọ̀ sí jù. Tí ilé yín kò bá jìnnà, ẹ lè gbà á nílé, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tí ẹ gbà á sí ara ike, kí ó fi sínú àpò aṣọ tó kan ara kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì dé ilé àyẹ̀wò kí wákàtí kan tó pé. Kí ó wẹ ìwẹ̀ jánábà kí ó tó kírun. Kí ó fọ ibi tí ó bá ta sí lára aṣọ rẹ̀.

Wọn yóò ka iye irúgbìn tó wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 ni mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, ìsàlẹ̀ ìyẹn ni wọ́n ń kà sí kékeré. Wọn yóò tún wo bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí ìrísí wọn ṣe rí. Tí èsì kò bá dára, kí ó má ṣe bọkàn jẹ́. Irúgbìn ọkùnrin a máa gba nǹkan bí oṣù 3 kí ó tó dàgbà tán, nítorí náà ibà tó mú un lóṣù méjì sẹ́yìn lè fara hàn nínú rẹ̀. Wọn yóò ní kí ó padà wá ṣe òmíràn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ó sì pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Ẹni tó bá ní òun gbára lé Ọlọ́hun, tó wá kọ ìwòsàn tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀, kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ìgbáralé.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yín tí ẹ kò ka sí, èmi sì rò pé ó ṣe pàtàkì. Ẹ ní ọkọ yín a máa pẹ́ ní ọ̀nà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní ọjọ́ 28-28, nǹkan bí ọjọ́ 14 sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ máa ń jáde. Oyún kò lè dúró àyàfi tí ẹ bá súnmọ́ ara yín láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 tó ṣáájú ọjọ́ yẹn tàbí ní ọjọ́ náà gan-an. Tí ó bá wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lójú títì, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ń ṣe nǹkan oṣù ló wọlé, tí Ọlọ́hun sì ti kọ ìbálòpọ̀ nínú rẹ̀ fún wa títí ẹ ó fi mọ́ tí ẹ ó sì wẹ̀, kí ẹ tó wẹ̀ tán ó ti tún gbéra. Oṣù yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀, kí ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún ìsinmi ní àsìkò náà. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sì ná yín lówó. Bí àwọn dókítà bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú yín láti ojú ara, ẹ bèèrè dókítà obìnrin lákọ̀ọ́kọ́. Tí kò bá sí, ọkùnrin lè ṣe é, kí ọkọ yín tàbí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sọ ìwẹ̀ di dandan. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì (òfin ẹ̀sìn) tó jókòó ní Jidda ní 1997 sì sọ pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ó wá ku ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àáfà. Arábìnrin mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lọ síbẹ̀. Ẹ má lọ lóru, ẹ má lọ lọ́sàn-án. Ànábì wa sọ pé ọkùnrin kan kò ní dá wà pẹ̀lú obìnrin àjèjì láìjẹ́ pé Shàítọ́ọ̀nù ni ẹnì kẹta wọn. Kò sí áyà kan nínú Àlùkùránì tó ní kí ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ yín rí ìhòhò yín kí ẹ tó bímọ. Mo ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn obìnrin rí nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lè sọ fún ọkọ wọn. Àgbò tó ní kí ẹ mú wá ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọkọ ọ̀run ni wọ́n fẹ́ pa á, ẹbọ ni. Ànábì wa sọ pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó bá pa ẹran fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun. Ẹni tó bá lọ bi aríran léèrè ọ̀rọ̀, wọn kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Ẹ sọ fún ìmáàmù àdúgbò yín nípa ọkùnrin yìí, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni yóò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Omi tí a ka Àlùkùránì sí kọ́ ni mo ń bá jà. Ẹ lè ka Fátíhà, Áyátù Kúrísíyù àti àwọn súrà mẹ́ta tó kẹ́yìn sí omi fúnra yín, kí ẹ mu ún, kí ẹ fi wẹ̀ nínú balùwẹ̀ yín. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní ẹ̀dà, pé àtọ̀ ń ṣàn jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, gbogbo obìnrin ló ń rí i, tó fi dé orí àwọn tó ti bí ọmọ mẹ́jọ. Àwọn irúgbìn tó lágbára ti wọ ẹnu ilé ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó kù ló ń jáde. Ẹ má mu àgbo kankan nítorí rẹ̀.

Ní ti IVF: kí wọ́n gba ẹyin ìyàwó àti àtọ̀ ọkọ, kí wọ́n pò wọ́n pọ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì dá a padà sínú ilé ọmọ ìyàwó kan náà. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lọ́nà yìí wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1978. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Èkó ni wọ́n ti bí ti àkọ́kọ́ ní 1989. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó lórí rẹ̀ ní Amman ní 1986. Ọ̀nà 7 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì ní 5 jẹ́ haráàmù. Méjì tí wọ́n gbà láàyè ni èyí tó bá jẹ́ pé àtọ̀ ọkọ, ẹyin ìyàwó àti ilé ọmọ ìyàwó náà ni, yálà nínú ìgò ni wọ́n ti pò wọ́n tàbí wọ́n fi àtọ̀ ọkọ sínú ilé ọmọ ìyàwó tààrà. Kí yìgì sì ṣì wà láàárín wọn. Àtọ̀ ọkùnrin mìíràn, ẹyin obìnrin mìíràn, kí obìnrin mìíràn bá yín gbé oyún, gbogbo wọn ni èèwọ̀, nítorí pé Ọlọ́hun fẹ́ kí ọmọ mọ baba àti ìyá rẹ̀. Kí ẹ má ṣe rò pé orogún lè bá yín gbé e. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Mẹ́kà ti gba èyí láàyè ní 1984, ṣùgbọ́n ní 1985 àwọn fúnra wọn yí ìdájọ́ náà padà.

Nítorí náà, IVF tọ́ fún yín ní ẹ̀sìn bí ẹ bá pa ààlà yìí mọ́, kí ẹ sì rí i dájú pé ilé ìwòsàn náà kì í fi ti ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Owó ńlá ni, kì í sì í fìgbà gbogbo yọrí sí oyún. Ẹ kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ ó wá lọ ta ilẹ̀? Ẹ má sì ṣe yá owó èlé torí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọmọ kan tọ́ láàárín ìgbà náà, ẹ̀san ńlá ló wà níbẹ̀. Orúkọ baba rẹ̀ ni kí ó máa jẹ́, gẹ́gẹ́ bí Súrà Áhúsáàbù ṣe pa á láṣẹ. Kò ní jogún yín, àmọ́ ẹ lè kọ ohun kan sílẹ̀ fún un, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín lọ.

Ìyá ọkọ yín kò pa irọ́ mọ́ Ànábì. Hádíìsì náà wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, pé kí á fẹ́ obìnrin onífẹ̀ẹ́ tó ń bímọ. Ìmọ̀ràn ni fún ẹni tó ń wá ìyàwó. Kò sọ pé kí á lé ẹni tó wà nílé, kò sì sọ pé kí á fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wo ilé Ànábì fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí Khadija àti Mariya, kò sí èyí tó bímọ fún un nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Aisha kò bímọ láyé rẹ̀, Ànábì sì ń pè é ní Ìyá Abdullahi, orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Hádíìsì 2,210 ló gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Ṣúrà pé Òun ń fún ẹni tó wu Òun ní obìnrin, ẹni tó wu Òun ní ọkùnrin, Ó ń pa méjèèjì pọ̀ fún ẹlòmíràn, Ó sì ń ṣe ẹni tó wu Ú ní ẹni tí kò bímọ. Kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọkọ yín lè fẹ́ ìyàwó kejì bí ó bá lè ṣe déédéé láàárín yín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, èmi kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ sí ilé bàbá ọmọbìnrin mìíràn, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro wà, ó kàn fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ẹkún kan náà ni, ọ̀rọ̀ Umar tí mo sọ lókè sì ń dúró dè é. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́. Bí èsì bá fi hàn pé òun ni, ẹ lè dúró tì í kí ẹ jọ wá ìwòsàn, èyí ló wù mí fún yín. Bí ara yín kò bá gbà á, ẹ lè bèèrè ìtúsílẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè yín ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Èsì yòówù tó bá jáde, àárín ẹ̀yin méjèèjì ni kí ó mọ. Ẹ má gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, kí òun náà má gbé e lọ. Tí wọ́n bá bèèrè, òun ni kí ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé “Màámi, èmi àti ìyàwó mi jọ wà nídìí ìtọ́jú, ẹ máa fi àdúà ràn wá lọ́wọ́.” Ọkọ ló yẹ kí ó sọ gbólóhùn yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Tí ó bá ka gbogbo èyí tán tó ṣì kọ̀, ẹ ní kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nígbà tó bá wálé. Èmi àti òun nìkan ni a ó jókòó, mo sì lè tẹ̀lé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ìtìjú bá ni ìṣòro rẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.